Àmì-Ẹ̀yẹ Àwọn Oníṣègùn Oríkèé: Aláìsàn Dà Níbẹ̀?

Yinni yinni, kẹ́ni lè ṣe mí-ìn. Kò sẹ́ni tó máa bá wa jiyàn lórí ìyẹn. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àti olùwádìí tó gbájú mọ́ làkúrègbé àti aromọléegun (àìsàn tí ọmọ ogun tó ń dáàbò bo ara fi ń kọlu oríkèé) kì í jẹ́ kí ọdún yí po kí wọ́n má fi àmì-ẹ̀yẹ dá àwọn kan lára wọn lọ́lá: ẹni tí ìwádìí rẹ̀ jinlẹ̀, ẹni tó ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ títí, ẹni tó ti darúgbó sẹ́nu iṣẹ́. American College of Rheumatology, ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà, tiẹ̀ ní oyè Master tí wọn kì í fún ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 65. A ò bá wọn jà. Iṣẹ́ náà le, òkìkí rẹ̀ kò sì tó ti àwọn tó ń la ọkàn tàbí ọpọlọ.

Ohun tí a bá wọn ní ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, dókítà ló ń yan dókítà, olùwádìí ló ń yan olùwádìí. Ẹni tí oríkèé ń dùn kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń dìbò. Ní tiwa, ó yẹ kó wà níbẹ̀, kó jókòó, kó sì dìbò tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wẹ̀yìn wò díẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1948, ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, dókítà Philip Hench àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gún obìnrin kan tí aromọléegun ti sọ di ẹni àgbélé ní abẹ́rẹ́ cortisone. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, obìnrin náà dìde, ó ń rìn. Nígbà tó fi máa di 1950, ẹ̀bùn Nobel ti tẹ Hench àti àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein, lọ́wọ́. Ọdún méjì péré! Hench fúnra rẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ náà ju ẹni mẹ́ta lọ. Ó yọ nínú owó ẹ̀bùn rẹ̀ fún Sister Pantaleon, nọ́ọ̀sì àti ajẹ́jẹ̀ẹ́ Ìjọ Kátólíìkì tó ń darí ìtọ́jú àwọn aláìsàn oríkèé níbẹ̀, kí ó lè rí owó lọ sí Róòmù. Ìwà ọmọlúwàbí nìyẹn, ṣùgbọ́n àpò ara rẹ̀ ló ti yọ ọ́. Ìgbìmọ̀ kò rántí nọ́ọ̀sì.

Kò sì pẹ́ tí ojú àwọn tó ń gba cortisone fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú rọ̀bọ̀tọ̀, tí egungun wọn ń gbó láìtọ́jọ́. Lásìkò kan náà, oògùn mìíràn wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Ní 1951, Richard Gubner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ síwèé pé aminopterin, oògùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí òun àti oògùn kan tó ń jẹ́ methotrexate jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ń dẹ aromọléegun lọ́wọ́. Ta ló dá wọn lóhùn? Ó di 1985 kí ìwádìí Michael Weinblatt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀, ó di 1988 kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí methotrexate fún àìsàn yìí. Lónìí, òun ni dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ kọ fún aláìsàn aromọléegun: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kò sì wọ́n bí àwọn oògùn tuntun. Kò sí Nobel kankan lórí rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ti ń lò ó láti ọdún pípẹ́ kí ó dárúkọ oògùn tó gbé e dìde, kí ẹ wá gbọ́ èyí tó máa dárúkọ.

Ti John Charnley tún wà níbẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ ará Gẹ̀ẹ́sì ni, òun ló sọ fífi oríkèé àtọwọ́dá rọ́pò ìgbáròkó tó ti jẹ di ohun tó ṣeé gbára lé. Ó gba Lasker Award, àmì-ẹ̀yẹ ìṣègùn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ní 1974, wọ́n fi í jẹ Sir ní 1977. Ó tọ́ sí i, pàápàá nítorí ohun tí àwọn tó ń yìn ín kì í sábà mẹ́nu bà. Teflon, irú ike kan, ló kọ́kọ́ fi ṣe ihò oríkèé náà. Láàárín ọdún díẹ̀, Teflon ti jẹ, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì ń ba ẹran ara tó yí i ká jẹ́. Charnley kò sá, kò sì fi bò. Ó pe àwọn aláìsàn rẹ̀ padà, ó tún wọn là, ó sì gún ohun náà sínú itan ara rẹ̀ kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń ṣe.

Ibi tí ìtàn náà ti dùn nìyí. Ní 1962, ọlọ́jà kan gbé irú ike kan wá bá Harry Craven, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń bá Charnley rọ irinṣẹ́. Charnley fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀, ó ní kí wọ́n má fi àkókò ṣòfò. Ọ̀gá rìnrìn-àjò. Craven ní tirẹ̀ gbé ike náà sórí ẹ̀rọ tó ń fi irin lọ̀ ọ́ tọ̀sán-tòru. Kí ọ̀gá tó dé, ike tí wọ́n ní kò wúlò fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ rárá. Polyethylene nìyẹn. Oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sára aláìsàn, irú ike yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń gbé kiri nínú ìgbáròkó wọn lónìí. Mélòó nínú wọn ló ti gbọ́ orúkọ Craven rí?

A ò ní ṣàì yin àwọn tó gbìyànjú. Holger Crafoord àti ìyàwó rẹ̀, Anna-Greta, ló dá Crafoord Prize sílẹ̀ ní Sweden ní 1980. Aromọléegun fojú Holger rí màbo lópin ayé rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀bùn náà fi ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún àìsàn oríkèé. Òfin wọn wù wá: bí ìtẹ̀síwájú kò bá tó, wọn kì í fún ẹnikẹ́ni. Marc Feldmann àti Ravinder Maini gbà á ní 2000, nítorí àwọn ló fi hàn pé tí a bá dínà TNF, èròjà inú ara tó ń dáná sí oríkèé, iná náà á rọlẹ̀. Ní 2017 ó kan Shimon Sakaguchi, Fred Ramsdell àti Alexander Rudensky, lórí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ká àwọn ọmọ ogun ara lọ́wọ́ kò kí wọ́n má baà kọlu onílé. Nígbà tí Nobel dé sórí iṣẹ́ yìí ní 2025, Sakaguchi àti Ramsdell wà níbẹ̀, Mary Brunkow bọ́ síbẹ̀, Rudensky kò sí. Nobel kì í kọjá ẹni mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ ọlọ́gbọ́n méjì, iṣẹ́ kan, orúkọ wọn kò bára mu. A ò fi ìyẹn bú ẹnikẹ́ni. Ìdájọ́ ọmọ ènìyàn ni, kò sì sí ìdí tí a ó fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ aláìsàn.

Àwọn kan á ní, kí ni aláìsàn mọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì? OMERACT ti dá wọn lóhùn. Láti 1992 ni àwọn onímọ̀ tó wà nínú ètò yìí ti ń jókòó lórí ohun tó yẹ kí ìwádìí àìsàn oríkèé máa wọ̀n. Oríkèé mélòó ló wú, mélòó ló ń dùn, kí ni ẹ̀jẹ̀ wí: ohun tí dókítà ń kà nìyẹn. Ní 2002 wọ́n pe àwọn aláìsàn fúnra wọn wá síbi ìpàdé, àwọn yẹn sì gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ tí kò sí lórí tábìlì: àárẹ̀. Èyí tí oorun kì í lé ni wọ́n ń wí. Ẹni tó jí tí ìka rẹ̀ ti gan, tí kò lè de bọ́tìnnì, tí kò lè yí ọwọ́ ilẹ̀kùn títí di wákàtí kan lẹ́yìn tó jí, kí ó tó ráyè bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ni ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fi wọ̀n gbogbo nǹkan láìka ìyẹn sí. Lónìí, àárẹ̀ ti wà lára ohun tí wọ́n ń wọ̀n.

Ìbẹ̀rù kan wà tí a ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ilé-iṣẹ́ oògùn máa ń fún ẹgbẹ́ aláìsàn lówó. Òótọ́ ni, wọ́n sì ń fún dókítà náà. Kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ dìbò kọ owó tó ti gbà sílẹ̀, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òfin kan náà fún tọ̀tún-tòsì.

Ọ̀rọ̀ orúnkún tó ń jẹ kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2019, nǹkan bí mílíọ̀nù 18 ènìyàn ló ní aromọléegun, ṣùgbọ́n àwọn tí kerekere oríkèé wọn (ohun tó bo orí egungun níbi tí wọ́n ti pàdé) ń jẹ tó mílíọ̀nù 528. Kò tíì sí oògùn tó ń dá ìjẹrà yìí dúró. Ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni eré ìmárale tó bá wọn mu, ara tó fúyẹ́, àti oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì tó ní sùúrù láti kọ́ àgbàlagbà kan bí yóò ṣe máa dìde lórí àga, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àwọn àmì-ẹ̀yẹ ńlá tí a kà sókè yìí, ta ni wọ́n fún nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ tó bá ń fi orúkọ àìsàn oríkèé yẹ́ ènìyàn sí fún aláìsàn ní àga méjì, ó kéré tán, pẹ̀lú ìbò tó péye. Kí wọ́n ka orúkọ nọ́ọ̀sì, oníṣẹ́ ẹ̀rọ àti ọ̀dọ́ olùwádìí pọ̀ mọ́ ti ọ̀gá nínú ìwé ẹ̀yẹ. Kí àwọn tó ń tọ́jú orúnkún ní àmì-ẹ̀yẹ tiwọn, kí ó má jẹ́ èyí tí wọ́n á fún wọn ní kọ̀rọ̀ nígbà tí èrò ti tú ká. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bẹ̀rù pé aláìsàn kò ní lóye iṣẹ́ olùwádìí tí wọ́n fẹ́ yẹ́ sí, kí olùwádìí náà wá ṣàlàyé rẹ̀ fún un fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀.