Ọmọ tó ń bá ẹni tí a ò rí sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́ o

Ẹ̀yin ará wa ní Abuja àti gbogbo Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Tí ọmọ ọdún mẹ́ta mẹ́rin bá ti jókòó sí kọ̀rọ̀, tó ń dá rẹ́rìn-ín, tó ń bá ẹni tí a ò rí sọ̀rọ̀, kíá làwọn àgbà á ti ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló wá bá a ṣeré, emèrè ni, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Mi ò gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń pa àwọn ọmọ wa lára.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Mararaba, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ní ọ̀rẹ́ tó ń jẹ́ Gizo. Tí wọ́n bá bu oúnjẹ fún un, á yọ òkèlè kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ pé ti Gizo nìyẹn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ jókòó sórí àga báyìí á pariwo pé ẹ rọra o, Gizo wà níbẹ̀! Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, màmá gbọ́ Gizo, àyà wọn já, wọ́n ní orúkọ yẹn ò jọ ti èèyàn, kí wọ́n lọ ra ìrèké, ẹ̀pà àti bisikíìtì kí wọ́n fi ṣe sàárà fún ẹgbẹ́ ẹ̀. Láàárọ̀ láàárọ̀ ni wọ́n ń da omi àdúrà lé ọmọ lórí. Nígbà tó yá ọmọ ò dárúkọ Gizo níwájú wọn mọ́, bálùwẹ̀ ló ń sá lọ tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, wúyẹ́wúyẹ́.

Bẹ́ẹ̀ Gizo tí wọ́n ń bẹ̀rù yìí, gbogbo ọmọ Hausa inú kọ́ńpáùndì yẹn ló mọ̀ ọ́n. Aláǹtakùn inú àlọ́ Hausa ni, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ló kún inú ẹ̀ bíi ti ìjàpá tiwa, Koki nìyàwó ẹ̀. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ lálẹ́, ìyá Hausa ojúlé kejì á ní "Ga ta nan, ga ta nan ku", àwọn ọmọ á dáhùn pé "Ta zo mu ji ta", bí àwa náà ṣe máa ń ṣe "ààlọ́ o, ààlọ̀". Ibẹ̀ lọmọ yẹn ti rí ọ̀rẹ́ ẹ̀ mú.

Kì í sì í ṣòun nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Marjorie Taylor ti yunifásítì Oregon ní Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ńkan yìí, nínú èyí tóun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde ní 2004, nínú ọmọ 100, nǹkan bíi 65 ló ti ní irú ọ̀rẹ́ báyìí rí títí wọ́n fi pé ọdún 7, ẹlòmíì bèbí ló sọ di èèyàn. Ṣé ẹgbẹ́ ọ̀run ni gbogbo wọn? Èyí tó wú mi lórí jù ni pé bí wọ́n ṣe ń bi àwọn ọmọ léèrè, àwọn kan máa ń rán àgbàlagbà tó ń bi wọ́n létí pé eré lèyí o.

Tó bá wá jẹ́ eré, kí ló dé tẹ́rù ohun tọ́mọ fúnra ẹ̀ dá sílẹ̀ fi máa ń bà á nígbà míì? Lọ́dún 1991 Paul Harris, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, àtàwọn kan gbé àpótí òfìfo síwájú àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n ní kí wọ́n ṣe bí ẹni pé ẹran abàmì wà nínú ẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé kò sí ńkankan níbẹ̀, síbẹ̀ bí àgbàlagbà ṣe jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lọ ń yọjú wò ó. Àwa náà ń wo fíìmù, a mọ̀ pé òṣèré ni wọ́n, omijé ṣì ń bọ́ lójú wa.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, kò sí ọ̀rẹ́ kankan níbẹ̀, ọmọ ń fi ọ̀rọ̀ darí ara ẹ̀ ni: màá gbé èyí síbí, màá gbé tọ̀hún lé e. Lev Vygotsky, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, ará Rọ́ṣíà tó kú ní 1934, ti ṣàlàyé ẹ̀ pé bọ́mọ ṣe ń dàgbà lọ̀rọ̀ yẹn á máa wọlé sínú, tá á di èrò.

Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù yìí ti wá, ọmọ ń kú léraléra láyé àwọn ìyá wa, ẹ̀jẹ̀ SS ló sì pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè lábíkú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n febi pa ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí kí wọ́n nà án lẹ́gba nítorí eré, ìyẹn ò bójú mu, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 tó múlẹ̀ ní Abuja níbí ò sì fàyè gba kí wọ́n dá ọmọ lóró.

Tí ọmọ bá ní ọ̀rẹ́ òun jókòó, ẹ bi í pé kí ló jẹ lónìí, ẹ jẹ́ kóun fúnra ẹ̀ máa sọ ọ́ lọ, ẹ má gba eré mọ́ ọn lọ́wọ́. Tó bá fọ́ ife tó ní Gizo ni, ẹ ní kóun àti Gizo jọ wá bá yín gbálẹ̀. Ẹ pa àlọ́ fún wọn, ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ díẹ̀.

Ìgbà tó yẹ ká gbé ọmọ lọ ọsibítù ni tí ara ẹ̀ bá gbóná tó ń sọ ìsọkúsọ, torí ibà lè dé ọpọlọ, ìyẹn ò ṣeé fi dọ̀la. Tàbí tó bá ní ohùn kan ń pàṣẹ fóun pé kóun ṣe ara òun tàbí ẹlòmíì léṣe, tàbí tí kò jẹun kò sùn mọ́ nítorí ohun tó ń rí. Ẹ wá dókítà ọmọdé lọ.