Ọjọ́ Orí Bàbá Lánlọ́ọ̀dù

(Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan lójú ọ̀nà Bissonnet, ní Houston, ìpínlẹ̀ Texas. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni, ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìlú dìbò lórí bọ́ǹdì iléèwé, ìyẹn ẹ̀yáwó ńlá láti fi kọ́ iléèwé, èyí tó padà fìdí rẹmi. Ìyá Ṣadé ń wọn ẹ̀gúsí. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù jókòó lórí àpò ìrẹsì tó wà fún títà, kò sì sẹ́ni tó láyà láti ní kó dìde.)

BÀBÁ LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Bílíọ̀nù 4.4 dọ́là! Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́? Ààfin?

FẸ́MI: Iléèwé ni, Bàbá. Àwọn èyí tó ti gbó. Bọ́ǹdì tí ìlú dìbò fún gbẹ̀yìn, 2012 ni.

ÌYÁ ṢADÉ: Bá mi sọ fún wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, éèsì kíláàsì Ṣadé dákẹ́. Nínú oòrùn Texas yìí! Ọmọ mi gbé pépà ìdánwò délé, òógùn ti pa gbogbo ìdáhùn ẹ̀ rẹ́. Tíṣà fún un ní òdo. Mo ní, òdo Ṣadé ni àbí òdo éèsì?

BÀBÁ LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Kó máa gbé abẹ̀bẹ̀ lọ. Iléèwé tèmi ńkọ́? Bí òjò bá ti dé, ariwo páánù á pa tíṣà lẹ́nu mọ́, àwa náà á jókòó bí ẹyẹlé. A ò ha mọ̀wé?

FẸ́MI: Bàbá, ṣebí ọmọ tí a ò bá kọ́...

BÀBÁ LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: ...ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mo mọ̀ ọ́n. Mo kọ́ tèmi, ó kàwé títí ó fi di dókítà ní Dallas. Òun náà ló ń pè mí lójoojúmọ́ pé kí n ta ilé!

ÌYÁ ṢADÉ: Fẹ́mi, ta ló tiẹ̀ fẹ́ yá wọn ní gbogbo owó yìí?

FẸ́MI: Àwọn tówó wà lọ́wọ́ wọn ni, báǹkì, àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n á ra ìwé ẹ̀yáwó lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́, ìgbìmọ̀ á fowó kọ́lé, wọ́n á wá máa yọ owó èlé àti ojú owó san díẹ̀díẹ̀ nínú owó orí ilé. Ó lè tó ogún ọdún, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌYÁ ṢADÉ: Ó jọ àwìn Bàbá Lánlọ́ọ̀dù. Àfi pé àwọn yẹn máa ń san.

(Bàbá ò gbọ́. Mo ti rí àgbà tó ń fi ọgbọ́n dití, àmọ́ ti bàbá yìí, ẹ̀bùn ni.)

BÀBÁ LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Fẹ́mi, ìwọ tí ò nílé, kí ló máa dùn ọ́? Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé ìdìbò pé ÈYÍ JẸ́ ÀFIKÚN OWÓ ORÍ ILÉ. Àbí èmi ni mo kọ ọ́?

FẸ́MI: Òfin Texas ló ní kí wọ́n kọ ọ́, láti 2019. Bí iye tí wọ́n ń gbà lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là ò tiẹ̀ yí padà, dandan ni kí wọ́n kọ ọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ ní àwọn ò ní fi kún un.

BÀBÁ LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ìgbìmọ̀ wo? Àwọn tí a dìbò yàn kọ́ nìyẹn! Láti 2023 tí ìpínlẹ̀ ti gbàjọba iléèwé, wọ́n ti gbé tiwọn síbẹ̀. Èmi kì í fowó lé ẹni tí mi ò yàn lọ́wọ́.

(Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ará ìlú ń pariwo náà nìyẹn. Fẹ́mi ń họrí.)

ÌYÁ ṢADÉ: Ọ̀gá wọn á lọ lọ́jọ́ kan, Bàbá. Éèsì ni ò ní dìde fúnra ẹ̀. Òjé inú omi, ògiri tó ń hu, wọ́n láwọn máa tún gbogbo ẹ̀ ṣe.

BÀBÁ LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Èmi ò jẹ gbèsè ẹ̀kọ́ kankan. Ọ̀fẹ́ ni mo kà! 1955, Awólọ́wọ̀ ní kí gbogbo ọmọ máa bọ̀. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ kọjá lórí kí n fi kan etí kejì, ó kàn án wẹ́rẹ́, mo wọlé.

FẸ́MI: Ta ló sanwó ọ̀fẹ́ náà?

BÀBÁ LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ìjọba.

FẸ́MI: Owó orí àwọn bàbá yín ni! Inú bí wọn sí owó orí yẹn gan-an. Ó wà lára ohun tí ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ fi pàdánù ìbò àpapọ̀ 1954 nílé ara wọn.

ÌYÁ ṢADÉ (ó gbé ìwọ̀n sílẹ̀): Ẹ dúró ná. 1955? Ṣebí 2022 la ṣe ọgọ́ta ọdún yín, tí mo ra aṣọ ẹbí?

(Kẹ́kẹ́ pa.)

ÌYÁ ṢADÉ: Ìyẹn ni pé ọdún méje kí wọ́n tó bí yín lọwọ́ yín ti kan etí.

BÀBÁ LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Mo... mo tètè gbọ́n ni.

FẸ́MI: Ó mà ṣe o. Torí ní Texas, onílé tó bá ti pé 65, tó sì forúkọ sílẹ̀, owó orí iléèwé lórí ilé tó ń gbé á dúró síbi tó bá a. Bọ́ǹdì ò lè gbé e sókè, àfi tó bá kọ́ yàrá kún ilé.

BÀBÁ LÁNLỌ́Ọ̀DÙ (ó fò dìde lórí ìrẹsì): Mo ti kọjá 65! Mo ti pé 75!

ÌYÁ ṢADÉ: Láísẹ́ǹsì yín ńkọ́?

BÀBÁ LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Láísẹ́ǹsì ní... 62. Iṣẹ́ ìjọba nílé ló fà á. N ò fẹ́ kí wọ́n tètè ní kí n lọ sinmi.

FẸ́MI: Ó ti di ọdún mẹ́wàá tẹ́ ẹ ti ń sanwó ìgbà èwe yín nìyẹn.

BÀBÁ LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ṣé n ò lè lọ sọ fún wọn pé mo ti rántí ọjọ́ orí mi?

FẸ́MI: Ẹ lè sọ. Àwọn ìmígréṣọ̀n náà á fẹ́ gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe rántí ẹ̀.

BÀBÁ LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Rọra sọ̀rọ̀!

ÌYÁ ṢADÉ: Gírínkáàdì lèmi ní, n ò lè dìbò. Ẹ̀yin lẹ lè bá Ṣadé dì í. (Ó ṣí ìwé àwìn.) Ojú ìwé yín rèé. Iṣu méjì, gàrí, epo...

FẸ́MI: Ha! Dìbò-kóo-sebẹ̀ ti dé Houston! Màmá, ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀ o.

ÌYÁ ṢADÉ: Ta ló ń ra ìbò? Gbèsè mi ni mò ń kà.

BÀBÁ LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Fẹ́mi, ọjọ́ wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò?

FẸ́MI: Ọjọ́ 21 oṣù yìí lẹ ti lè lọ. Ẹ mú láísẹ́ǹsì dání, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò.

BÀBÁ LÁNLỌ́Ọ̀DÙ (ó wẹ̀yìn, ó wòkè): Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò... Ṣé wọ́n máa ń ka ọjọ́ orí síta?