Èsì wa fún oníbàárà tó fún lẹ́ǹsì 55mm ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, oníbàárà wa. Ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa kò bí wa nínú, torí ẹ̀bi tiwa wà ńbẹ̀. Ẹ ní Micro-Nikkor 55mm f/2.8, lẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń ya ohun kékeré, tí ẹ rà lọ́wọ́ wa láti fi kámẹ́rà ya négétíìfù (fíìmù fọ́tò àtijọ́), kò jẹ́ kí négétíìfù kún ojú kámẹ́rà, pé igun fọ́tò tún rí bàìbàì, àti pé lẹ́ǹsì tí ọ̀rẹ́ yín yọ lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ fọ́tò láyé àtijọ́, tí kò tó ìdajì owó tiyín, dára jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí àìkún yẹn bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ǹsì náà kò bàjẹ́, ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Bó ti wù kí ẹ sún mọ́ fíìmù tó, ìdajì ìtóbi rẹ̀ ló máa gbé sórí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà. Fọ́tò orí fíìmù 35mm fẹ̀ ní 36mm, ó ga ní 24mm, sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà Nikon D750 yín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìdajì fífẹ̀, ìdajì gíga: ìdá kan nínú mẹ́rin sẹ́ńsọ̀ ni fọ́tò ń gbà. Nínú megapixel 24 tí ẹ fowó rà, bíi 6 péré lẹ ń lò. Òrùka PK-13, tó gùn ní 27.5mm, ni Nikon ṣe láti fi há àárín lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà kó lè kún. Ó yẹ ká ti bi yín pé kámẹ́rà wo lẹ ní ká tó gbowó. A ò bi yín. Ẹ má bínú.

Ti igun yẹn ṣòro fún mi láti gbà. Mo fẹ fọ́tò tí ẹ fi síbí lójú: igun mẹ́ta mú débi pé mo rí òwú iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá bàbá, ti òkè lọ́wọ́ òsì nìkan ló rí bàìbàì. Mo fura pé kámẹ́rà ló tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò dojú kọ négétíìfù tààrà. Ẹ fi dígí kékeré síbi tí négétíìfù máa ń wà, kí ẹ wo inú kámẹ́rà. Bí ojú lẹ́ǹsì tí ẹ rí nínú dígí kò bá sí láàárín gbùngbùn, ó tẹ̀ nìyẹn. Ẹ kúrò lórí f/16 tí ẹ lò náà, ihò lẹ́ǹsì tó kéré jù ń ba mímú fọ́tò jẹ́. f/8 ti tó. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí igun ọ̀hún kò sì mú, a ó gba lẹ́ǹsì padà.

Ti ọ̀rẹ́ yín, òótọ́ lẹ sọ. EL-Nikkor 50mm, irú lẹ́ǹsì ẹ̀rọ ìfẹ-fọ́tò yẹn, dáa gan-an, ohun pẹlẹbẹ ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Ṣùgbọ́n kò ní ibi tí à ń yí kó tó mú, ẹnu rẹ̀ kò sì wọ kámẹ́rà láìsí àsomọ́. Àpótí négétíìfù tí ẹ ní ẹ fẹ́ parí kí ìrántí bàbá tó dé, ẹ ò ráyè ìyẹn. Lẹ́ǹsì Nikon mìíràn, AF-S 60mm f/2.8G, ń kún láìlo òrùka, àmọ́ owó rẹ̀ ga, ẹ ò sì nílò rẹ̀.

PK-13 kan wà nílẹ̀, mo ti fi orúkọ yín sí i. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀, owó ọkọ̀ rẹ̀ náà ọrùn wa ló wà. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí wa níkọ̀kọ̀. Bó bá dé, fọ́tò bàbá yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò, mo fẹ́ rí iṣẹ́ ọnà agbádá yẹn tán.