Kéèkì máa ń wú láìsí béékìn páúdà

Tí ẹ bá sọ fún èèyàn pé ẹ fẹ́ ṣe kéèkì láìfi béékìn páúdà sí i, wọ́n á ní kò lè wú, wọ́n á ní á le bí òkúta. Tí kéèkì ẹnì kan bá sì pelebe, ìmọ̀ràn tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kó fi páúdà kún un lọ́jọ́ mìíràn. Fún kéèkì tí àwọn Òyìnbó ń pè ní pound cake, èyí tí ìwọ̀n bọ́tà, ṣúgà, ẹyin àti fláwà inú rẹ̀ jẹ́ ọgbọọgba, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́ rárá.

Ọdún 1747 ni ìwé oúnjẹ Hannah Glasse jáde nílùú London. Ó ní kí èèyàn mú pọ́n-ùn kan bọ́tà, pọ́n-ùn kan ṣúgà, pọ́n-ùn kan fláwà, àti ẹyin 12, àmọ́ kí ó yọ funfun ẹyin mẹ́fà kúrò. Ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ tàbí ṣíbí onígi ńlá lù ú fún odindi wákàtí kan. Kò sí béékìn páúdà níbẹ̀, torí kò tíì sí nínú ayé nígbà náà. Ọdún 1843 ni Alfred Bird tó jẹ́ apòògùn ní Birmingham ṣe tirẹ̀, torí pé ìwúkàrà ò bá ìyàwó rẹ̀ lára mu. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń jẹ kéèkì tó wú dáadáa kí páúdà tó dé.

Kí ló wá ń wú u? Wákàtí kan tí wọ́n fi ń lù ú yẹn ni. Tí ẹ bá ń po bọ́tà pọ̀ mọ́ ṣúgà, etí hóró ṣúgà tó mú máa ń gé bọ́tà wẹ́wẹ́, á sì máa ti afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ ní ihò tíntìntín tí ojú ò lè rí. Nínú ófùnù, afẹ́fẹ́ yẹn á gbòòrò. Omi inú ẹyin àti inú bọ́tà á di ooru, òun náà á wọ inú ihò wọ̀nyẹn, á sì fẹ̀ wọ́n sí i. Kí gbogbo rẹ̀ tó rọlẹ̀, ẹyin àti fláwà á ti le yí i ká. Béékìn páúdà kì í dá ihò tuntun sílẹ̀. Ńṣe ló ń fẹ èyí tó ti wà níbẹ̀. Ẹni tí kò po bọ́tà rẹ̀ dáadáa kò ní ohun tí páúdà máa fẹ̀, ìdí nìyẹn tí kéèkì rẹ̀ ṣì fi máa ń ki, tó sì máa ń wúwo lẹ́yìn tó ti da páúdà sí i tán.

Àpọ̀jù rẹ̀ tiẹ̀ tún burú ju àìsí rẹ̀ lọ. Gáàsì á jáde kí ẹyin àti fláwà tó le, ihò kéékèèké á bẹ́ mọ́ra wọn, kéèkì á gòkè fìrì nínú ófùnù, àárín rẹ̀ á sì jìn wọlé. Ẹ ó tún máa gbọ́ ọṣẹ lẹ́nu.

Fún páànù búrẹ́dì tó gùn ní 23cm, tó fẹ̀ ní 13cm, ẹ wọn 225g bọ́tà, 225g ṣúgà, 225g fláwà àti 225g ẹyin tútù tí ẹ ti fọ́ kúrò nínú èèpo. Ẹyin ńlá mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹyin bá kéré, á di márùn-ún. Ìwọ̀n ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má ka iye. Ẹ fi iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sí i.

Orí bọ́tà ni ọ̀pọ̀ kéèkì ti ń bàjẹ́ nílé wa. Àkọ́kọ́, ohun tí a máa ń pè ní bọ́tà lọ́pọ̀ ìgbà, màjarín ni. Màjarín dára tí ara ike rẹ̀ bá fi hàn pé ọ̀rá inú rẹ̀ tó 80%, àmọ́ èyí tí wọ́n ṣe fún fífi pa búrẹ́dì nìkan lómi jù. Èkejì, àwọn ìlànà tí a ń kà máa ń ní kí bọ́tà wà bí inú yàrá ṣe wà. Yàrá àwọn tó kọ ọ́ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe yàrá Èkó tí ooru rẹ̀ tó 30°C! Àárín 18°C sí 21°C ni bọ́tà ti ń di afẹ́fẹ́ mú. Tó bá ti ń yọ̀ tó sì ń dán, afẹ́fẹ́ á máa jò kúrò nínú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń pò ó. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ yọ ọ́ síta fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 péré. Tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, kó jìn díẹ̀, àmọ́ kí ìka yín má dán fún ọ̀rá. Tó bá ń rọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́, ẹ gbé abọ́ náà sórí omi tútù.

Tí hóró ṣúgà bá tóbi, ẹ fi blẹ́ńdà lọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kó má kúnná bí ìyẹ̀fun, torí ìyẹn ò ní etí tó lè gé bọ́tà. Ẹ wá po ṣúgà àti bọ́tà pọ̀. Ẹ̀rọ á ṣe é ní ìṣẹ́jú 6 sí 8, ọwọ́ àti ṣíbí onígi lè gbà tó ìṣẹ́jú 25. Wọ́n máa ń ní kí a pò ó títí a ò fi ní mọ ṣúgà lára mọ́. Ẹ má dúró de ìyẹn, ṣúgà kì í yọ́ nínú ọ̀rá, ó di ìgbà tí ẹyin bá wọ̀ ọ́. Àwọ̀ ni kí ẹ máa wò: yẹ́lò á di funfun lọ́ọ́lọ́ọ́, á sì fúyẹ́ lára ṣíbí. Tó bá ń ṣe yín bíi pé kò tíì tó, ẹ bù ú díẹ̀ sínú ife omi tútù. Bọ́tà àti ṣúgà tí afẹ́fẹ́ ò tíì wọ̀ máa ń rì. Èyí tó ti tó máa ń léfòó.

Ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì máa ń mú kí bọ́tà dì, omi àti ọ̀rá á sì ya ara wọn sọ́tọ̀. Kí ẹ tó fọ́ ọ, ẹ kọ́kọ́ fi í sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ lù ú pọ̀, kí ẹ máa dà á sí i ní ṣíbí ìmùkọ méjì-méjì, kí èyí tó wà níbẹ̀ wọlé tán kí ẹ tó da òmíràn. Tó bá ti fẹ́ yà, ẹ wọ́n ṣíbí fláwà kan sí i.

Ẹ jọ̀ fláwà tó kù sí i, ẹ fi ọwọ́ rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ dúró ní gbàrà tí ẹ ò bá rí funfun mọ́. Fláwà búrẹ́dì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà lọ́jà, tí ẹ bá ń rò ó títí, ńṣe ló máa ń fà. Ẹni tó ní òṣùwọ̀n lè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò níbí: ife tó gba 200g omi kò gbọdọ̀ gbà ju nǹkan bí 170g èyí tí ẹ pò yìí lọ. Tó bá wúwo jù bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ò tó.

Ófùnù á ti gbóná dé 160°C kó tó wọlé. Á lò tó wákàtí kan sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Ẹ má ṣí i láàárín ìṣẹ́jú 40 àkọ́kọ́, bó jẹ́ ófùnù bó jẹ́ ìkòkò oníyanrìn. Orí rẹ̀ á là. Kò sí wàhálà níbẹ̀, òkè ló ti le kí àárín tó parí wíwú.

Kì í ṣe pé páúdà ò wúlò o. Òróró kì í di afẹ́fẹ́ mú bí bọ́tà, torí náà kéèkì olóròóró nílò rẹ̀. Bákan náà ni èyí tí a dín ẹyin rẹ̀ kù tí a fi mílíkì dípò, tí a bá ro owó ẹyin àti bọ́tà lásìkò yìí. Níbẹ̀, ṣíbí tíì méjì fún 225g fláwà ti tó.

Tí ẹ bá gé e, tí ẹ rí ìlà tó ki, tó tutù, tó ń dán nísàlẹ̀, ẹ má sáré wá páúdà. Bọ́tà tó ti yọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹyin tó pọ̀ ju ìwọ̀n lọ, tàbí kéèkì tó tètè jáde nínú ófùnù ló máa ń fà á. Ìgbà tí igi ìtayín tí ẹ kì bọ àárín rẹ̀ bá jáde láìní ohunkóhun lára ló tó jinná.