Àgbà ni ìṣáwùrú wẹ́wẹ́ yẹn
Ẹni tó kọ ọ́ pé àwọn ìṣáwùrú wẹ́wẹ́ tó bo ẹrẹ̀ etí òkun Yúróòpù jẹ́ ọmọ ìṣáwùrú ńlá, pé wọ́n ṣì máa tóbi, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Irú ìṣáwùrú kékeré tó ń jẹ́ Peringia ulvae ni wọ́n, àgbà sì ni púpọ̀ nínú wọn. Agbára káká ni wọ́n fi ń gùn ju mìlímítà 6 lọ. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ìkarahun wọn dáadáa: ohun tó dà bí ìdọ̀tí lára rẹ̀ lè jẹ́ ẹyin tí ìṣáwùrú ẹgbẹ́ rẹ̀ yé síbẹ̀, tí horo iyanrìn bò. Ṣé ọmọdé ń yé ẹyin ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó wọn lọ sílé pé ẹ fẹ́ sìn wọ́n dàgbà. Oúnjẹ ẹja àti ẹyẹ etí òkun ni wọ́n.