Ẹ̀rọ Tí A Fi Ń Mí Kì í Ṣe Ẹrù Inú Ikùn Bààlúù

Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń mòòkùn pẹ̀lú sìlíńdà afẹ́fẹ́ ń múra láti wọ bààlúù láti London lọ sí Sharm el-Sheikh, ní etí Òkun Pupa ní ilẹ̀ Íjíbítì. Wọ́n bi mí bí àwọn yóò ṣe di ẹrù tí kò fi ní ju kílò 23 lọ. Mo dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí ó dá mi lójú pé kí ẹni tí ó fẹ́ gbé irinṣẹ́ mímòòkùn wọ bààlúù tó ro ti kílò rárá, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ro èyí tí ẹ̀mí rẹ̀ so mọ́ nínú ẹrù náà.

Regulator ni ẹ̀rọ tí ó ń gba afẹ́fẹ́ líle láti inú sìlíńdà, tí ó sì ń dẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ṣeé mí sínú. Ní ìrìn àjò mi àkọ́kọ́, inú àpótí ńlá ni mo kó o sí, àpótí náà kò sì bá mi dé. Èyí tí mo yá lò ń jẹ́ kí omi wọ ẹnu mi díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá mí sínú, bẹ́ẹ̀ ni mo wà ní mítà 18 nísàlẹ̀ òkun. Mo fara balẹ̀ gòkè wá, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ìbẹ̀rù ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà, regulator, awò ojú àti kọ̀ǹpútà ọrùn ọwọ́ tí a fi ń mọ bí a ṣe jìn tó lábẹ́ omi kì í kúrò nínú àpò tí mo ń gbé dání. Àwọn ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ lè tú àpò náà wò, nítorí pé ọ̀já rọ́bà àti irin inú rẹ̀ ṣàjèjì lójú wọn. Kí a fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn ni. Ọ̀bẹ nìkan ni kò gbọdọ̀ bá wa wọlé, inú àpótí ńlá ni tirẹ̀.

Ní ti sìlíńdà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi í sílé. Èyí tí a fi alumíníọ̀mù ṣe, tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, wúwo tó kílò 14 nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì tẹnu mọ́ ọn pé òun yóò gbé tòun, òfin TSA, àjọ tí ń rí sí ààbò pápákọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, ni pé kí ó tú orí rẹ̀ kúrò pátápátá, kí ojú lè rí inú rẹ̀. Ọ̀rinrin lè gba ibẹ̀ wọlé, ẹni tí ó mọṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó tún rọ afẹ́fẹ́ sí i. Kí ni a ń ṣe wàhálà náà sí, nígbà tí àwọn tí ń mú ènìyàn wọ omi ní Sharm ti ní sìlíńdà àti òjé tí ń mú ènìyàn rì tiwọn nílẹ̀?

Tọ́ọ̀ṣì abẹ́ omi ni àwọn ènìyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí a bẹ̀rù rẹ̀. Iná rẹ̀ lágbára débi pé, bí ó bá tàn fúnra rẹ̀ láàrin aṣọ, ó lè dá iná sílẹ̀. Ẹ yọ bátìrì rẹ̀, kí ẹ sì fi bátìrì lítíọ̀mù tí ẹ mú dání fún ìpààrọ̀ sínú àpò ọwọ́, kí ẹ fi nǹkan bo ẹnu bátìrì náà.

Ṣùgbọ́n ẹrù kan wà tí òṣùwọ̀n pápákọ̀ kò lè wọ̀n: náítírójìn tí ó kù nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ní mítà 30, agbára tí ó ń tẹ ara wa jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti orí ilẹ̀, náítírójìn inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí sì ń wọ inú ẹran ara. Inú bààlúù dà bí orí òkè tí ó lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8,000, níbi tí agbára tí ó ń tẹ ara ti dín kù. Bí a bá yára débẹ̀, náítírójìn náà lè ru sókè nínú ẹ̀jẹ̀ bí ìgbà tí a ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó sì lè sọ ènìyàn di arọ. Ẹ rántí Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ Jascon-4 tí ó rì ní etíkun Nàìjíríà ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, tí ó lo nǹkan bí wákàtí 60 nínú afẹ́fẹ́ tí ó há sínú ọkọ̀ náà ní ìsàlẹ̀ òkun. Àwọn amòòkùn tí ó rí i kò jẹ́ gbé e bọ́ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Inú yàrá irin ni ó ti lo ju ọjọ́ méjì lọ, tí wọ́n ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù díẹ̀díẹ̀.

Ìmọ̀ràn Divers Alert Network, àjọ tí ń rí sí ààbò àwọn amòòkùn, ni pé kí ẹni tí ó mòòkùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dúró fún wákàtí 12 ó kéré tán kí ó tó wọ bààlúù, kí ẹni tí ó mòòkùn léraléra sì dúró fún 18. Bààlúù tí yóò gbé àwọn ọ̀rẹ́ mi padà sílé yóò gbéra ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, èyí tí ó túmọ̀ sí pé wọ́n gbọ́dọ̀ ti jáde kúrò nínú omi kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó lù. Èmi ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tilẹ̀ wọ omi rárá lọ́jọ́ Ẹtì náà, kí wọ́n fọ irinṣẹ́ wọn, kí wọ́n sá a kí ó gbẹ, kí wọ́n sì jókòó sí etí òkun.