Ẹ Má Sọ Fún Mi Mọ́ Pé Ọ̀kan Náà Ni

Ẹ̀yin tó ń ta ọ̀dà àti gúlúù, mo ti gbọ́ "ọ̀kan náà ni" tó ní ìlú Kàbà yìí. Ó ti sú mi pátápátá. Mo ní ẹ fún mi ní ọ̀dà tí kì í dán, ẹ gbé gloss fún mi, ẹ ní ọ̀kan náà ni. Mo ní gúlúù funfun àwọn káfíńtà, ẹ na super glue sí mi, ẹ ní ọ̀kan náà ni, pé èyí tilẹ̀ tètè ń gbẹ. Mo ní pupa tó wúwo, pupa bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ, ẹ gbé pupa tòmátì jáde, ẹ tún wá ń bi mí pé ṣé pupa kọ́ nìyẹn ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mò ń ṣe. Ìyá mi yóò pé ọdún 80 lóṣù tó ń bọ̀. Ọmọ Bùnú, lẹ́bàá Kàbà níbí, ni wọ́n, ahunṣọ ni ìyá wọn, àwọn náà sì hunṣọ títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ilé tí wọ́n dàgbà sí ti wó tipẹ́, igbó ti bo ibẹ̀. Òun ni mò ń kọ́ padà sórí pákó fún wọn, ohun tí wọ́n ń pè ní diorama, ní ìwọ̀n ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún: ògiri tó ga mítà 2.4 nígbà náà, sẹ̀ǹtímítà 10 ni lọ́wọ́ mi. Ilé amọ̀, òrùlé bẹẹrẹ, òfì àwọn obìnrin tó máa ń dúró lóòró, àti àpáta ńlá ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n máa ń sá èlùbọ́ lé.

Ògiri kò yọ mí lẹ́nu rárá. Mo lọ bu erùpẹ̀ ní Bùnú, mo fi asẹ́ jọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná bí àtíkè, mo po gúlúù funfun díẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú omi, mo fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ́ ògiri. Nígbà tó gbẹ, ó sán wẹ́wẹ́ bí ògiri amọ̀ gidi ṣe ń sán. Ní ti òrùlé, koríko bẹẹrẹ gan-an ti tóbi jù fún irú ilé kékeré bẹ́ẹ̀, mo bá tú fọ́nrán àpò ìdọ̀họ, mo gé e, mo tò ó ní ìpele ìpele. Ó dára.

Ọ̀dà ló sọ mí di oníjà.

Wọn kì í tà á ní kékeré. Agolo Humbrol tí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò, mílílítà 14 ló ń gbà. Ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin tí mo wọ̀ níbí, emulsion, ọ̀dà ògiri tí wọ́n ń fi omi pò, èyí tó kéré jù tí wọn kò tíì ṣí, lítà 4 ni. Agolo Humbrol tó lé ní 280 ló máa kún inú ẹ̀! Àpáta tèmi kò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Kí ni kí n wá fi ìyókù ṣe, kí n mu ún? Ẹ̀bẹ̀ ló kù, kí wọ́n bá mi bu díẹ̀. Inú agolo tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì ni wọ́n á ti bù ú, inú ìgò omi tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì ni wọ́n á sì bù ú sí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù kẹrin. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kí mi dáadáa, "Okun o, ẹ̀gbọ́n," mo sì dá a lóhùn. Ó bu ọ̀dà aláwọ̀ eérú fún mi.

"Àbúrò, ṣé emulsion ni?"

"Emulsion ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé omi ni wọ́n fi pò ó? Kì í ṣe thinner?"

"Omi ni. Ọ̀kan náà ṣáà ni gbogbo wọn, kó ti mú ara ògiri."

Mo tún béèrè lẹ́ẹ̀kẹta kí n tó sanwó. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí ni mo fi gbẹ́ àpáta náà. Polystyrene ni. Ó fúyẹ́, ọ̀bẹ ń gbẹ́ ẹ wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n thinner, omi olóòórùn tí wọ́n fi ń po ọ̀dà mọ́tò, máa ń yọ́ ọ dànù, petrol náà máa ń yọ́ ọ, super glue gan-an máa ń jẹ ẹ́. Ọ̀dà tí wọ́n fi omi pò ni kì í pa á lára.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbẹ́ ẹ. Alaalẹ́ ni, bí mo bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, tí wọ́n bá sì mú iná lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sí Bùnú lọ wo àpáta gan-an. Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí gbígbóná fa ipa ibi tí omi òjò máa ń gbà ṣàn wálẹ̀, èyí tí ìyá mi sọ pé àwọn máa ń yọ́ gùn bí ọmọdé.

Mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ìgò, mo fi kan orí àpáta. Ó dún ṣìì. Ibi tó kàn rì wọlé, ó lu, ihò náà ń fẹ̀, etí rẹ̀ ń ká kò bí ọ̀rá tó súnmọ́ iná. Mo sáré mú àkísà, mo ní kí n nù ún, fóòmù ń bá àkísà lọ, ó ń fà bí ilá. Kí ẹ tó ka ogún, ìka mẹ́rin ti lè wọ inú rẹ̀, gbogbo ipa òjò tí mo fà ti lọ.

Ọ̀dà mọ́tò ni! Èyí tí wọ́n ti fi thinner pò sílẹ̀ de àwọn tó ń kun mọ́tò. Ẹnì kan lè ní kí ló dé tí n kò gbóòórùn rẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yẹn pátá ló ń rùn, ọyẹ́ sì ti dí mi nímú láti ọjọ́ mẹ́ta. N kò dán an wò lórí àjákù fóòmù kí n tó kùn ún, ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo béèrè o!

Mo gbé àpáta náà padà lọ bá a. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ pé nǹkan ìṣeré lẹ fẹ́ kùn."

Nǹkan ìṣeré! Ìyẹn dùn mí ju owó lọ. Ọ̀dà ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ, o kò mọ ohun tó wà nínú agolo tìrẹ, o kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ká ní ìyá alágbo ló bu agbo jẹ̀díjẹ̀dí fún ẹni tó ní ibà, tó ní ọ̀kan náà ni, ṣé ẹ máa gbà fún un?

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ti pupa. Aṣọ pupa kì í ṣe aṣọ yẹpẹrẹ ní Bùnú. Òkú ìjòyè àti àgbà ọlọ́lá ni wọ́n ń fi í ṣẹ̀yẹ fún. Òun ni mo fẹ́ kó wà lórí òfì kékeré náà. Ẹnì kan ní kí n fi òwú hun ún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: òwú ìránṣọ tó nípọn mílímítà 0.2, tí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà 5. Okùn nìyẹn, ta ló ń fi okùn hun aṣọ òkú? Nítorí náà, mo gé háńkáṣíìfù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀dà ni kó sọ ọ́ di aṣọ Bùnú. Wọ́n fún mi ní gloss, ọ̀kan náà ni. Ilé ni mo lè sọ di kékeré, n kò lè sọ dídán di kékeré. Iná yàrá kọ lu aṣọ tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ó ń kọ mànà bí ohun tí wọ́n rì sínú epo. Mo ní kí wọ́n bá mi ra òmíràn ránṣẹ́ láti Èkó. Owó ọkọ̀ ju owó ọ̀dà lọ, àwọ̀ ọsàn ló sì dé.

N kò bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó ṣòro. Ẹ ra ìgò kéékèèké, ẹ lẹ bébà mọ́ ọn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: omi ni, tàbí thinner ni. Ó ń dán, tàbí kì í dán. Bí ẹ kò bá ní i, ẹ ní ẹ kò ní i, n ó máa lọ, n kò ní bínú.

Mo ti rí fóòmù mìíràn lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fíríìjì. Mo ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ipa òjò ni n ó fà kẹ́yìn.